Bí a ṣe ń yege nínú Complex Analysis, irú olùkọ́ yòówù kó wọlé

Kì í ṣe ìṣirò ló ń pa ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nínú Complex Analysis, ìyẹn calculus lórí complex number (z = x + iy, níbi tí i² ti jẹ́ −1). Àwọn tó gba B nínú Real Analysis máa ń wọ kíláàsì yìí ní 300 level, wọ́n á kọ nóòtì títí yóò fi kún, wọ́n á kà á ní òru, ṣùgbọ́n bí èsì bá jáde, E ni wọ́n á bá níbẹ̀, tàbí kẹ́rí-ófà. Ohun tó fà á ni pé kò sí kọ́ọ̀sì tó ń yí padà lọ́wọ́ olùkọ́ bí èyí. Olùkọ́ kan á fi odidi sáà kọ́ ẹ̀rí theorem. Òmíràn á dé orí residue (nọ́ńbà tí a ń rí níbi tí function ti bàjẹ́, tí a sì fi ń ṣe integral) ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò ní í fi ẹ̀rí kankan hàn yín. Ẹlòmíràn kò tiẹ̀ ní í wá tó. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní í wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀; olùkọ́ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀ fún un ló ń múra dè.

Fásitì ní Nàìjíríà ni mo ní lọ́kàn, yálà Mathematics lò ń kà, tàbí Physics, tàbí ẹnjiníà. Mo ti jókòó nínú kíláàsì yìí rí, mo sì ń ṣe tutorial rẹ̀ fún àwọn àbúrò báyìí. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tó yege àti àwọn tó padà wá tún un ṣe ni mo kó jọ síbí.

Ohun tí o máa nílò

- Course outline ti ọdún yìí. Bí olùkọ́ bá ti yí padà, ti ọdún tó kọjá kò wúlò fún ohunkóhun.
- Ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó kéré tán. Wádìí ẹni tó ṣètò ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o kọ orúkọ rẹ̀ sókè ìwé náà. Past question tí o kò mọ olùkọ́ tó ni ín máa ń ṣi èèyàn lọ́nà ju kí èèyàn má ní in lọ.
- Ìwé àkọsílẹ̀ méjì: ọ̀kan fún ohun tí olùkọ́ kọ sójú bọ́ọ̀dù, èkejì fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ. Má dà wọ́n pọ̀.
- Orísun kejì kan, ẹyọ kan péré. Nóòtì Complex Variables wà lórí MIT OpenCourseWare lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ẹ̀kọ́ National Open University náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbowó. Mú ọ̀kan. Ẹni tó kó PDF mẹ́wàá sórí fóònù kì í ka ìkankan nínú wọn.
- Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó jọ máa yanjú ìṣirò. Bí ẹ bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹjọ́ bọ́ọ̀lù ni ẹ ó máa ṣe.

Ìpele 1: Yẹ ìpìlẹ̀ rẹ wò kí olùkọ́ tó dé

Ohun mẹ́ta láti 200 level wà tí gbogbo olùkọ́ Complex Analysis gbà pé o ti mọ̀: partial derivatives, geometric series, àti line integral. Kò sí ìkankan nínú àwọn olùkọ́ náà tó máa padà sẹ́yìn nítorí rẹ.

Àyẹ̀wò: láìwo ìwé, kọ 1/(3 − z) gẹ́gẹ́ bí series nínú z, kí o sì sọ ibi tó ti dúró. Tí o bá kọ àpapọ̀ zⁿ/3ⁿ⁺¹ láti n = 0 lọ, tí o sì sọ pé |z| gbọ́dọ̀ kéré sí 3, máa bá ọ̀nà rẹ lọ. Tí o bá ń wá fọ́múlà kiri, fi òpin ọ̀sẹ̀ kan tún geometric series kà, torí Laurent series (series tó gba agbára z tó wà lábẹ́ 0 pẹ̀lú) tó ń bọ̀ kò ju pé kí o ṣe ohun kan náà yìí lẹ́ẹ̀mejì ní ibi tó yàtọ̀ síra.

Ìpele 2: Ka olùkọ́ rẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, yàtọ̀ sí nóòtì tí ò ń kọ, máa kíyè sí ohun mẹ́rin: kí ló kọ́kọ́ máa ń kọ sójú bọ́ọ̀dù? Kí ló máa ń fò? Báwo ló ṣe ń dáhùn bí ẹnì kan bá béèrè ọ̀rọ̀? Ṣé ó máa ń parí ìṣirò tó bá bẹ̀rẹ̀, àbí ó máa ń sọ pé "ẹ lọ parí ẹ nílé"?

Irú olùkọ́ tó wọ́pọ̀ jù nìyí.

Olùkọ́ ẹlẹ́rìí. Definition, theorem, ẹ̀rí, definition, theorem, ẹ̀rí. Ó lè lo wákàtí méjì lórí Cauchy-Goursat, kó gé onígun mẹ́ta sí mẹ́rin, kó tún gé e sí mẹ́rin, kó sì jáde láìfi nọ́ńbà kankan sínú rẹ̀. Ẹ̀sùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi kàn án ni pé kì í yanjú àpẹẹrẹ. Òótọ́ ni. Ìdánwò rẹ̀ kún fún "State and prove".

Olùkọ́ oníṣirò. Ẹ̀ka applied tàbí ẹnjiníà ló sábà máa ń ti wá. Òmíràn nínú wọn á máa kọ j níbi tí àwọn yòókù ti ń kọ i. Ọ̀nà àbùjá ló fẹ́ràn. Ìdánwò rẹ̀ kún fún "Evaluate", ìṣirò rẹ̀ sì máa ń gùn débi pé àkókò ló ń pa èèyàn níbẹ̀.

Olùkọ́ apè-kọ. Ó jókòó, ó ń ka nóòtì rẹ̀ síta, ẹ̀yin ń kọ. Gbogbo èèyàn ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn ṣe é, torí òun ló rọrùn jù láti mọ ohun tó máa béèrè: ohun tó pè ni. Ewu tó wà níbẹ̀ ni àṣìkọ. Ẹni tó gbọ́ "minus" tó kọ "plus" ní ọ̀sẹ̀ kejì á há ìyẹn sórí dé ìdánwò. Ẹ máa fi nóòtì yín wéra.

Olùkọ́ aláìwá. Ó wá lọ́sẹ̀ kìíní, ó pín outline, ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Nígbà tí ìdánwò bá kù díẹ̀, ó máa pe kíláàsì wákàtí mẹ́rin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, á sì sáré parí gbogbo rẹ̀. Má dúró dè é. Fi outline rẹ̀ àti orísun kejì rẹ ka ìwé bí ẹni pé kò sí olùkọ́, kó jẹ́ pé àtúnyẹ̀wò lásán ni ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn máa jẹ́ fún ọ.

Ó ku ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni kì í kìlọ̀ nípa rẹ̀: olùkọ́ aládùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ń pa yín lẹ́rìn-ín, ohun gbogbo ń yé yín bó ṣe ń kọ ọ́. Ẹ ó jáde pẹ̀lú ìdùnnú, kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ìwé títí di ìgbà tẹ́ẹ̀stì. Lójú tèmi, kẹ́rí-ófà tó ń ti ọwọ́ olùkọ́ aládùn jáde kò kéré sí ti olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní òǹrorò. Bí kíláàsì bá ti dùn jù, padà sí yàrá rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kí o tún gbogbo ohun tó kọ ṣe láìwo nóòtì. Ibi tí o bá ti dúró gan-an ni ibi tí kò yé ọ.

Ìkìlọ̀: ìtàn àwọn ẹ̀gbọ́n. "Ọkùnrin yẹn burú, kì í fún èèyàn ní A." Kí o tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, bi ẹni tó sọ ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta: ọdún wo ni ó kọ́ ọ? Kí ni o gbà? Ṣé o ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀? Ẹni tó kùnà ló máa ń pariwo jù. Bí o bá rí ẹni tó gba A lọ́wọ́ olùkọ́ kan náà, ohun tó máa sọ sábà máa ń kúrú: "Ó kàn fẹ́ kí èèyàn kọ gbogbo ìgbésẹ̀ ni." Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín olùkọ́ tó le àti olùkọ́ tó burú, a ó sì dé orí ti ìkejì.

Ìkìlọ̀ kejì: ó lè jẹ́ olùkọ́ méjì ló pín kọ́ọ̀sì náà. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀. Ọ̀kan á kọ́ yín títí dé Cauchy-Riemann (ìdọ́gba méjì tí function gbọ́dọ̀ bá mu kó tó lè ní derivative), èkejì á gbà á níbẹ̀. Ṣe ìpele yìí lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ẹnì kejì bá wọlé, torí ìdajì ìdánwò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, kọ ìbéèrè ìdánwò méjì tí o rò pé olùkọ́ yìí lè béèrè láti inú ohun tó ti kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o ṣí past question tó ní orúkọ rẹ̀. Tí tìrẹ bá jọ tirẹ̀, o ti kà á. Tí kò bá jọ ọ́, kíyè sí i fún ọ̀sẹ̀ kan sí i kí o tó pinnu bí wàá ṣe kàwé.

Ìpele 3: Kọ definition tirẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ti YouTube

Máàkì tó ń ṣòfò níbí pọ̀, ó sì máa ń dun àwọn tó mọ̀wé jù, torí ìdáhùn wọn kò burú.

Wo −i, àti Arg rẹ̀, ìyẹn igun tó wà láàárín rẹ̀ àti ìlà x. Olùkọ́ tó ní Arg wà láàárín −π sí π á sọ fún ọ pé Arg(−i) jẹ́ −π/2. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 2π á sọ pé 3π/2 ni. Nítorí náà, Log(−i), ìyẹn ln|−i| pẹ̀lú i ìgbà Arg rẹ̀, jẹ́ −iπ/2 lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, ó sì jẹ́ 3πi/2 lọ́dọ̀ ti èkejì. Àwọn méjèèjì tọ̀nà, ṣùgbọ́n marking scheme kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Tí o bá wo fídíò ẹnì kan ní Íńdíà tàbí Amẹ́ríkà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, tí o sì lo Arg tirẹ̀, ẹjọ́ tí o máa rò kò ní í tó máàkì tí o pàdánù.

Ọ̀rọ̀ "analytic" náà ńkọ́? Olùkọ́ kan á pè é ní analytic, ọ̀kan á ní holomorphic, àwọn àgbà míì á ní regular. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú ni |z|². Ó ní derivative ní z = 0, kò sì ní in níbòmíràn. Ẹni tó bá wá kọ pé ó analytic ní 0 ti jìn sí kòtò, torí analytic ní ibì kan túmọ̀ sí pé derivative wà níbẹ̀ àti ní gbogbo àdúgbò tó yí i ká. |z|² kò analytic níbì kankan. Mo ti rí ìbéèrè yìí lọ́nà púpọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ púpọ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Fi èyí náà sí i: Log(z₁z₂) kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ Log z₁ + Log z₂. Mú −1 àti −1, kí Arg wà láàárín −π sí π. Ìkọ̀ọ̀kan Log(−1) jẹ́ iπ, àpapọ̀ wọn jẹ́ 2πi. Ṣùgbọ́n −1 lọ́nà −1 jẹ́ 1, Log 1 sì jẹ́ 0.

Àyẹ̀wò: o ní ojú ìwé kan ṣoṣo tó ní Arg, Log, analytic, singularity (ibi tí function kò ti analytic) àti ọ̀nà tí contour (ipa tí a ń ṣe integral lé lórí) ń gbà yí, gbogbo rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ rẹ fi sọ ọ́. Tí kò bá sọ ọ̀kan, ìyẹn ni ìbéèrè tí wàá gbé lọ bá a ní Ìpele 5.

Ìpele 4: Fi ohun tí olùkọ́ fò kún un fún ara rẹ

Olùkọ́ kankan kò kọ́ kọ́ọ̀sì yìí pé. Ohun tó fò ni tìrẹ.

Tí ó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, ìṣirò ni wàá wá fún ara rẹ, ṣùgbọ́n irú èyí tí ẹlẹ́rìí fẹ́ràn: èyí tó ń fi hàn pé nǹkan kan kò tó. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni f(z) = √|xy|. Ní orí ìlà x àti ìlà y, 0 ni f, nítorí náà gbogbo partial derivatives rẹ̀ ní z = 0 jẹ́ 0, Cauchy-Riemann sì dúró ṣánṣán. Wá gba orí ìlà y = x wọlé, kí x ju 0 lọ. f(z)/z di x/(x + ix), èyí tó jẹ́ 1/(1 + i). Ìyẹn kì í ṣe 0. Kò sí derivative níbẹ̀. Bí o bá lè ṣe èyí tán tí o sì lè sọ ohun tó sọnù, pé partial derivatives wọ̀nyẹn kò continuous ní z = 0, ìdajì ìbéèrè kan ti wà lápò rẹ.

Ìkìlọ̀ fún ọmọ kíláàsì ẹlẹ́rìí: má há ẹ̀rí sórí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìlà kan bá sọnù lórí rẹ, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Fún ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, mọ ìlà tó gbé e dúró. Nínú theorem Liouville (function tó analytic níbi gbogbo, tí |f| rẹ̀ kò ju M lọ, gbọ́dọ̀ jẹ́ constant), fún àpẹẹrẹ, ìlà náà ni pé |f′(z)| kò lè ju M/R lọ, R sì lè tóbi bó ṣe wù ú. Tí o bá mọ ìyẹn, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Tí ó bá jẹ́ oníṣirò, ohun tó fò ni ìdí tí ọ̀nà àbùjá fi ṣiṣẹ́, àti ibi tí kì í ti í ṣiṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń jáde pẹ̀lú òfin kan lórí: "contour tó bá pàdé ara rẹ̀, 0 ni." Wá fún wọn ní integral z̄ (ìyẹn x − iy) lórí òbìrìkìtì |z| = 1. Wọ́n á kọ 0. Ìdáhùn jẹ́ 2πi, torí lórí òbìrìkìtì náà z̄ bá 1/z dọ́gba, z̄ fúnra rẹ̀ kò sì analytic níbì kankan tí Cauchy á fi wúlò fún un.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ jù ú lọ ni integral 1/(z² + 1) lórí |z| = 2. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí pole (ibi tí ìsàlẹ̀ ti di 0) ní i, á gba residue 1/(2i), á fi 2πi sọ ọ́ di púpọ̀, á kọ π, á sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣe é ni pé ó ti ṣe real integral ∫dx/(1 + x²) láti −∞ dé ∞ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò kúrò ní ìdajì òkè mọ́. Òbìrìkìtì tí rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 2 gbé −i náà mì. Residue tibẹ̀ jẹ́ −1/(2i). Àpapọ̀ wọn jẹ́ 0, ìdáhùn sì jẹ́ 0. Tí contour bá jẹ́ |z − i| = 1 ni π máa tọ̀nà, torí −i ti bọ́ síta.

Nítorí náà, òfin kan tí mi ò gbà kí ọmọ tutorial mi rú: ya contour ná, fi gbogbo singularity sí àyè rẹ̀, kí o tó kọ ohunkóhun. Àwòrán náà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Fún ọmọ apè-kọ àti ọmọ aláìwá, ṣe méjèèjì. Kò sí àbùjá níbẹ̀.

Àyẹ̀wò: yanjú mẹ́ta yìí láìwo ìwé. Integral eᶻ/z³ lórí |z| = 1 (πi). Residue e^(1/z) ní 0, àti irú singularity tó jẹ́ (1, essential ni). Laurent series 1/((z − 1)(z − 2)) níbi tí |z| wà láàárín 1 sí 2 (ìyọkúrò àpapọ̀ zⁿ/2ⁿ⁺¹, ìyọkúrò àpapọ̀ 1/zⁿ⁺¹, n láti 0 lọ). Tí ẹ̀kẹta bá gbé agbára z tó jẹ́ 0 tàbí tó ju 0 lọ nìkan wá, |z| < 1 lo ṣe.

Ìpele 5: Bí wàá ṣe gbé ìbéèrè lọ bá olùkọ́

Ọ̀pọ̀ kì í lọ rárá. Àwọn tó sì lọ máa ń lọ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní "Sà, residue ò yé mi." Kí ni kó fi ìyẹn ṣe? Ṣé kó tún bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì ni? Ó máa ní kó o lọ ka nóòtì rẹ, wàá sì jáde lọ sọ fún gbogbo hostel pé agbéraga ni.

Mú ìwé tí o ti gbìyànjú ìṣirò náà sínú rẹ̀ dání. Kan ilẹ̀kùn, kí o kí i dáadáa, má jókòó àfi tó bá ní kí o jókòó. Mọ oyè rẹ̀ kí o tó wọlé. Ẹni tó di Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún tó kọjá kò ní í sọ ohunkóhun bí o bá pè é ní Dókítà, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́. Ọmọ 300 level ni mí. Ìṣirò tí ẹ fún wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gba π, ìdáhùn tí ẹ kọ sì jẹ́ 0. Ibi tí mo dé nìyí. Ṣé torí −i náà wà nínú òbìrìkìtì yẹn ni, sà?"

Wo ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Ó fi hàn pé o wà ní kíláàsì, pé o gbìyànjú, ó sì na ìka sí ojú ibi kan. Olùkọ́ tí gbogbo yín ń sá fún á mú bírò lọ́wọ́ rẹ, á sì kọ ìlà méjì sórí ìwé rẹ. Ó lè má rẹ́rìn-ín o. Kì í ṣe ẹ̀rín lo wá gbà.

Ìkìlọ̀. Má béèrè bóyá ó máa jáde nínú ìdánwò. Má pè é lórí fóònù àfi tó bá fún kíláàsì ní ààyè bẹ́ẹ̀. Má sì gbé ìbéèrè ẹlòmíràn tí ìwọ fúnra rẹ kò gbìyànjú lọ, torí bó bá bi ọ́ ní ọ̀kan padà, ojú á tì ọ́.

Bí ó bá ṣe àṣìṣe lójú bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá pẹ̀lú àmì ìyọkúrò nínú Cauchy-Riemann (bí f bá jẹ́ u + iv): u_x = v_y, ṣùgbọ́n u_y = −v_x, ìyọkúrò yẹn sì máa ń sá lọ. Má kígbe "Sà, ẹ ti ṣì í." Na ọwọ́ sókè, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rí bí minus yẹn ṣe kúrò ní ìlà kẹta." Á wò ó, á tún un ṣe, kò sì sí ẹni tí ojú tì.

Àyẹ̀wò: lọ́jọ́ náà gan-an, tún ìṣirò tí o gbé lọ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí ìwé mímọ́. Tí o kò bá lè ṣe é tán, ohun tó sọ yé ọ ní ọ́fíìsì nìkan ni.

Ìpele 6: Jẹ́ kí tẹ́ẹ̀stì kọ́ ọ bó ṣe ń máàkì

Ní ibi púpọ̀, tẹ́ẹ̀stì àti iṣẹ́ àṣetiléwá ló ń kó máàkì 30, ìdánwò ní 70. Àwọn èèyàn máa ń wo iye tí wọ́n gbà, wọ́n á sì ju ìwé náà sílẹ̀. Kó tìrẹ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jọ, kí ẹ wá ibi tí pupa wà. Ẹlẹ́rìí lè yọ máàkì méjì torí pé o kò kọ pé contour náà jẹ́ simple closed, pé f sì analytic nínú rẹ̀ àti lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn rẹ tọ̀nà. Oníṣirò kò bìkítà nípa ìyẹn, ṣùgbọ́n ó lè sọ gbogbo rẹ̀ di òfo torí àmì kan. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé ti Ìpele 3.

Tí kò bá dá ìwé padà, kí class rep bẹ̀ ẹ́ pé kó yanjú tẹ́ẹ̀stì náà lójú bọ́ọ̀dù. Púpọ̀ nínú wọn máa ń gbà.

Ìpele 7: Bí ọ̀rọ̀ bá ju pé olùkọ́ le lọ

Bí kò bá wá rárá, class rep ni kó kọ́kọ́ lọ bá a, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Tí kò bá yí padà, level adviser, lẹ́yìn náà HOD (olórí ẹ̀ka), pẹ̀lú ìwé tó ní déètì àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí kíláàsì kò wáyé. Má fo HOD lọ bá Dean. Ẹ ó kan sọ ọ̀rọ̀ di ìjà láàárín àwọn àgbà. Má sì jẹ́ kí kíláàsì tí kò wáyé jẹ́ kí o má fọwọ́ sí attendance ní ìgbà tó bá wá, torí òfin pé èèyàn gbọ́dọ̀ wá sí ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì ṣì lè ká ọ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò.

Tí ó bá jẹ́ owó ni wọ́n ń béèrè kí èèyàn tó yege, tàbí ìbálòpọ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mọ́. Má dá nìkan lọ sí ọ́fíìsì náà. Má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Sọ fún òbí tàbí àgbàlagbà kan tí o gbẹ́kẹ̀ lé lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì gba ọ̀nà tí fásitì rẹ là sílẹ̀ fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, náà ń gba irú ẹ̀sùn yìí. Ní oṣù Kejìlá 2018, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ICPC ló sì gbé e dé ilé ẹjọ́. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbà sílẹ̀ lórí fóònù wà lára ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìpele 8: Inú gbọ̀ngàn

Ka gbogbo ìbéèrè kí o tó yan. Bí olùkọ́ méjì bá pín kọ́ọ̀sì, wo ọwọ́ tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: wàá mọ ìbéèrè ẹlẹ́rìí yàtọ̀ sí ti oníṣirò láti ìlà àkọ́kọ́. Kọ́kọ́ mú ìṣirò kan tó dá ọ lójú, kí ọwọ́ rẹ balẹ̀, kí o tó mú ẹ̀rí. Fún ẹlẹ́rìí, kọ ohun tí theorem náà béèrè kí o tó lò ó. Fún oníṣirò, ya contour, kọ residue kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, kó lè fún ọ ní máàkì ìgbésẹ̀ bí àpapọ̀ bá tilẹ̀ ṣì.

Kí o tó fi ìwé sílẹ̀, wo èyí: gbogbo real integral tí o fi residue ṣe gbọ́dọ̀ jáde láìní i nínú. Tí i bá ṣẹ́kù níbẹ̀, 2πi lo gbàgbé tàbí residue lo ṣì. Tí ohun tí ò ń ṣe integral rẹ̀ kò bá sì lọ sí abẹ́ 0 rí, ìdáhùn rẹ kò lè ní ìyọkúrò níwájú. Lẹ́yìn èyí, wo iwájú ìwé bóyá o kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ, torí "result missing" ní kọ́ọ̀sì yìí máa ń gba oṣù láti yanjú, olùkọ́ yòówù kó jẹ́.